Ìyá Kamṣat Lábẹ́ Ìtànṣán

Ní Semei, oṣù kìíní ọdún, yìnyín dé ojú fèrèsé.
Ìyá Kamṣat bọ́ bàtà onírun wọn lẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n tò ó jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ ilé àna.
Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Kókó kan wà lọ́fun wọn.
Èmi Yerkin ni mo ń tẹ bọ́tìnì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n bi mí:
"Ṣé ìmọ́lẹ̀ ìjọ́sí yẹn náà ni?"
Irọ́ ìtùnú ti dé ètè mi, mo gbé e mì.
"Ìbátan ni wọ́n, Ìyá."

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.
Àwọn ṣọ́jà kó wa jáde nílé,
wọ́n ní ká dojú bolẹ̀ nínú kòtò, ká má wòkè.
Mo wòkè.
Ọmọdé tí wọ́n ní kó má wo nǹkan,
kí ló tún kù tí yóò wò?
Oòrùn kan yọ níbi tí oòrùn kì í gbà yọ.
Lẹ́yìn náà, eérú ń bọ́ lẹ́lẹ́.
Orazbek àbúrò mi na ahọ́n, ó fi gbà á.
Àgùntàn wa re irun ṣáájú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ọmọ ogún ọdún ni Orazbek nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀."

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, ekòló lásán ń bà á lẹ́rù,
ká má tíì sọ pé ejò gan-an ni mo gbé dání.

Mo yí ẹ̀yìn ìwé àyẹ̀wò, mo fi pẹ́ńsù yàwòrán.
Omi ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì, Ìyá.
Ìtànṣán wọlé, kò kanlẹ̀kùn,
ó já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lára omi
bí ẹni já ọmọ lẹ́nu ọmú.
Omi náà ya wèrè, ó ń bu ohun tó bá kàn jẹ.
Okùn méjì lọ́ mọ́ra láàárín gbùngbùn,
ibẹ̀ ni a kọ irú imú yín sí, àti àwọ̀ ojú yín.
Bí ọ̀kan já, sẹ́ẹ̀lì a so ó.
Bí méjèèjì já, ó lè so ó lódì,
òdì a sùn fún ogójì ọdún, a wá jí.

"Kí ló dé tí o fi tún ń fún mi?"

Torí jẹjẹrẹ ò mọ okùn í so.
Ìkánjú ni tiẹ̀, kó ṣáà ti pín, kó tún pín,
pẹ̀lú okùn jíjá lọ́wọ́.
Sẹ́ẹ̀lì rere ń fi òru tún ilé ara rẹ̀ ṣe.
Ìdí nìyí tó fi jẹ́ díẹ̀díẹ̀,
gíréè méjì lójúmọ́, ká sinmi ní Sátidé.

"Ta ló ń sinmi? Ìwọ àbí èmi?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

Ìbòjú oníke tí mo fi omi gbígbóná rọ̀,
tí mo tẹ̀ mọ́ wọn lójú kí orí má baà mì,
wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń sin ènìyàn láàyè.
Lónìí, ìtànṣán kẹtàlá, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú:
"Gé ojú rẹ̀ fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí,
kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n má wò."
Mo wo Aizada tó ń ṣírò ìwọ̀n.
Ó mi orí. Ó na sísọ́ọ̀sì sí mi.

Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn òjé.
Nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ojú méjì là kedere
nínú ihò méjì tí kò dọ́gba.
Ẹ̀rọ ń kùn bí oyin tó ń wá ilé.
Kò sí ohun kan láti rí. Wọn ò ṣẹ́jú.

"Ti ìjọ́sí tóbi jù ú lọ," ni wọ́n wí, wọ́n ń wọ bàtà.
Bóyá kókó yóò gbọ́ràn, n kò lè búra.
Wọ́n fi baursak sílẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn,
àkàrà ìyẹ̀fun tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Mo jẹ mẹ́ta lóòró.
Aláìsàn tó kàn ti ń kanlẹ̀kùn.